Ìrìn àyíká ọjọ́ kan ní àfonífojì odò Wiesent: láti Muggendorf dé Streitberg àti Neideck, ká tún padà sí Muggendorf

Ẹsẹ̀Yá (Nuremberg)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ó di ọdún kọkànlá báyìí tí mo ti wà ní Nuremberg. Fún ọdún mẹ́wàá gbáko, ibi iṣẹ́, ilé, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tún ìwé ìgbélùú ṣe ni Jámánì tèmi. Mò ń rí òkè àti igbó lójú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin lóòótọ́, àmọ́ bí ẹni tó dúró síta tó ń wo ọgbà olówó ni mo ṣe ń wò wọ́n. Lọ́kàn mi, ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ ló ni ín.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru fà mí lọ́wọ́ lọ sí àfonífojì odò Wiesent, ní agbègbè Fränkische Schweiz tó wà láàárín Nuremberg, Bamberg àti Bayreuth. Láti ìgbà náà mo ti padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Sátidé tó kọjá yìí, màmá mi tó wá kí wa láti Ìkìrun ni mo mú lọ. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí lójú ọ̀nà ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀nà ṣe rí. Láti Nuremberg, ọkọ̀ ojú irin ni dé Forchheim. Ní Forchheim, ẹ bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń lọ sí Ebermannstadt. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojoojúmọ́ ń dé mọ, bọ́ọ̀sì ló máa gbé yín láti ibẹ̀ dé Muggendorf. Deutschlandticket, tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ ìlú àti ti agbègbè káàkiri Jámánì, ká gbogbo rẹ̀, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ lé e.

Ní Muggendorf, ẹ má tíì tẹ̀ lé odò. Òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ gùn, lọ́wọ́ àríwá abúlé, títí dé ihò àpáta tí wọ́n ń pè ní Rosenmüllerhöhle. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ lé etí òkè lọ sí ìwọ̀ oòrùn, láàárín igi Buche tó ga tí òjìji rẹ̀ tutù, títí ẹ ó fi dé òkè Streitberg. Àlàpà ilé olódi kan wà níbẹ̀, Streitburg ni wọ́n ń pè é. Ẹ jókòó síbẹ̀, kí ẹ mumi. Ní òdìkejì odò, ní ọ̀kánkán yín, ẹ ó rí àlàpà kejì, Neideck, tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, tí ilé ìṣọ́ rẹ̀ ṣì dúró gbọnin lórí àpáta. Ohun tó kù ní ọjọ́ náà ò ju kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sọdá Wiesent, kí ẹ gun òkè lọ bá èyí tí ẹ ń wò yẹn. Láti Neideck, ẹ gba Trainmeusel kọjá, abúlé kékeré kan lókè níbẹ̀, kí ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ padà wọ Muggendorf láti apá gúúsù.

Kìlómítà 13 àti díẹ̀ ni fóònù mi kà. Pẹ̀lú màmá, pẹ̀lú oúnjẹ, pẹ̀lú ìsinmi, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ló gbà wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni wọ́n, wọ́n sì ti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko láti kékeré. Èmi ni mò ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìbéèrè wọn nìyí. A ń gba àárín pápá koríko kan kọjá lókè Trainmeusel, wọ́n bá dúró. Wọ́n ní, "Ta ló ni ilẹ̀ yìí? Ta lo sọ fún kí a tó wọ ibí?" Mo ní kò sí ẹni tí a ní láti sọ fún. Wọn ò gbà. Wọ́n ní kò sí ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀, pé kí n má lọ kó àwọn sí wàhálà ní ìlú olóyìnbó.

Mo wá ṣàlàyé fún wọn pé ilẹ̀ náà ní onílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ Bavaria, tí wọ́n ṣe ní 1946, ní abala kan, 141, tó fàyè gba èèyàn láti máa gbádùn ẹwà ilẹ̀ náà, kó wọ igbó àti pápá orí òkè, kó tu ọkọ̀ lórí odò, kó sì ṣa èso igbó níwọ̀n tó bá àṣà ibẹ̀ mu. Jedermann ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni nìyẹn. Wọn ò kọ ọmọ onílùú. Wọn ò kọ ẹni tó ní ìwé pupa, ìwé ìrìnnà Jámánì. Ẹnikẹ́ni! Ọdún mẹ́wàá ni mo fi gbé lábẹ́ òfin yìí tí n ò mọ̀ pé ó wà.

Ohun tó tún wá dùn mọ́ màmá nínú ni ìtàn Neideck. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Konrad, láti ìdílé Schlüsselberg, ló ni ilé olódi náà nígbà tó lágbára jù. Ó dí ọ̀nà àfonífojì yìí, ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọjá. Màmá ní, "Oníbodè ni!" Oníbodè náà ni. Bíṣọ́ọ̀bù Bamberg, bíṣọ́ọ̀bù Würzburg àti àwọn ìjòyè Nuremberg para pọ̀, wọ́n dó tì í. Ní oṣù kẹsàn-án 1347, òkúta tí wọ́n fi ẹ̀rọ jù láti ìta ló bá a nínú odi rẹ̀, ó sì kú. Kò ní ọmọkùnrin tí yóò jẹ oyè, bí ìdílé náà ṣe parẹ́ nìyẹn. Ilé náà fúnra rẹ̀ wó nínú ogun míràn ní 1553.

Ibodè tí ọkùnrin yẹn kú lé lórí, òun la gbà kọjá tí ẹnikẹ́ni ò bi wá ní nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jámánì tẹ́ ẹ ò tíì fi ẹsẹ̀ kan inú igbó wọn, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ gba tiyín.

---

ÌyáÌbejì (Erlangen)

Ẹ kú ìrìn o. Ẹ bá mi kí màmá, ẹ ní mo ní ẹ kú ẹsẹ̀. Àwọn ìbejì mi jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ṣé wọ́n lè rìn ín? Ṣé kò sí ejò? Bàbá wọn ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ó sì jọ pé òun nìkan ló wà nínú oúnjẹ apá ibẹ̀.

---

Ẹsẹ̀Yá

Ẹ ṣeun, mo ti jíṣẹ́. Wọ́n ní àwọn náà kí ẹ̀jìrẹ́.

Ọmọ ọdún méje lè rìn ín bí ẹ bá gé e kúrú: ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Streitberg, ẹ gun Streitburg, ẹ wọ ihò àpáta tí wọ́n ń pè ní Binghöhle, ẹ sọdá odò lọ sí Neideck, kí ẹ padà sí Streitberg. Kò ní tó ìdajì tiwa. Èmi ò tíì rí ejò kankan níbẹ̀ nínú ìrìn méje. Ọmọláńkẹ́ ọmọdé ò lè lọ o, gbòǹgbò igi àti òkúta pọ̀ lójú ọ̀nà.

Oúnjẹ: òótọ́ ni pé èjìká ẹlẹ́dẹ̀ yíyan, Schäuferla, ni wọ́n fi ń yangàn. Àmọ́ ẹja odò tí wọ́n ń pè ní Forelle wà káàkiri, nítorí omi Wiesent tutù, ó sì mọ́. Ẹ ní kí wọ́n dín in. Màmá jẹ tiwọn tán, wọ́n sì fa egungun orí rẹ̀ mu.

---

Awakọ̀ Forchheim

Ọ̀nà yìí ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Bí ẹ bá lọ lọ́jọ́ Àìkú láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá, ẹ wo àkókò ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tó ń ti Ebermannstadt lọ sí Behringersmühle. Kìlómítà 16 ni irin náà, etí odò ló sì ń gbà, ó ń dúró ní Streitberg àti Muggendorf. Nígbà míràn ẹ́ńjìnnì eléèéfín ni wọ́n ń fi fà á, nígbà míràn ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ni. Ọkọ̀ èrò ìjọba ti ṣíwọ́ lórí irin yẹn láti 1976. Àwọn aráàlú tó fẹ́ràn rẹ̀ ni wọ́n para pọ̀ gbà á là, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe. Deutschlandticket ò ká a. Owó rẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, ó sì tọ́ kí a san án.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun kí ẹ máa retí oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ abúlé ló ń sinmi lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, àwọn míràn a sì pa iná ààrò láàárín ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. Ẹ mú owó lọ́wọ́ pẹ̀lú. Mo ti rí ìdílé kan tí wọ́n jẹun tán tí káàdì wọn ò sì ṣiṣẹ́. Bàbá náà ní láti wọ bọ́ọ̀sì mi lọ wá ẹ̀rọ ìgbowó ní Ebermannstadt, ó fi ìyàwó àtọmọ sílẹ̀ nídìí tábìlì. Ìtìjú tó wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà dùn mí gan-an.

Kí ẹ sì mọ wákàtí bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn kí ẹ tó gun òkè. Kó tó di pé ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ni kí ẹ ti bi awakọ̀. A kì í bínú sí i.

---

Nọ́ọ̀sì Bamberg

Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ eégbọn. Ejò kọ́ ni kí ẹ máa bẹ̀rù ní Bavaria, eégbọn ni. Ó ń gun èèyàn láti ara koríko, kì í dunni bó ṣe ń bù ẹni jẹ, àìsàn méjì ló sì lè kó ranni.

Èkíní ni FSME, tó ń kọlu ọpọlọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, mẹ́ta ni wọ́n ń gún, ó sì lè tó bí ọdún kan kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó pé. Agbègbè Forchheim wà lára ibi tí ìjọba kà sí eléwu, nítorí náà ìbánigbófò ìlera ló ń san án. Ẹ lọ bá dókítà ìdílé yín kí ẹ tó máa lọ káàkiri, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ dání.

Ìkejì ni Borreliosis. Ìyẹn kò ní àjẹsára tí dókítà lè gún fún yín, oògùn ajẹ́kòkòrò ni wọ́n fi ń wò ó, ó sì ń lọ bí wọ́n bá tètè rí i. Gbọ́ mi dáadáa, ìwọ tó ń kà á: òrùka pupa tí wọ́n yà sínú gbogbo ìwé ìléwọ́ wọn, lára aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti yà á. Lára wa kì í pupa bẹ́ẹ̀. Ó lè dà bí ojú ibi tó ṣú díẹ̀, tàbí tó ní àwọ̀ bí ìgbà tí ara bó, tí ó ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Mo ti rí ọmọ Nàìjíríà kan tí wọ́n dá padà sílé lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ń wá pupa. Bí ẹ bá ti igbó dé, ẹ bọ́ sínú balùwẹ̀, ẹ wo abíyá, ẹ̀yìn orúnkún, ẹ̀yìn etí, ìdí irun. Ẹ fi ọwọ́ pa ara, nítorí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Bí ẹ bá sì rí i, ẹ fi ìmúga fà á yọ wẹ́rẹ́. Ẹ má da òróró sí i.

Sòkòtò gígùn, ìbọ̀sẹ̀ lórí ẹnu sòkòtò, bàtà tó di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù a máa lọ tí a máa bọ̀ nínú àfonífojì, ẹ ya àwòrán máàpù náà sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. 112 ni nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́.

Àti ihò àpáta: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá títí dé ìparí oṣù kẹta, òfin ò gbà kí ẹ wọ inú wọn, nítorí àdán ń sùn níbẹ̀ lákòókò òtútù. Àdán tí wọ́n bá jí lójú oorun ń jó ọ̀rá ara rẹ̀ dànù, ó sì lè kú kí ìgbà ìrúwé tó dé.

---

Ẹ̀gbọ́n Ruhr (Dortmund)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Èmi yóò sọ tèmi láìfi bò.

Mo dé Dortmund ní 1994. Bàbá mi ń fẹsẹ̀ rin máìlì mẹ́fà lọ sí iléèwé, máìlì mẹ́fà bọ̀, lójoojúmọ́, nínú òjò àti ọyẹ́. Gbogbo ohun tó fi ayé rẹ̀ ṣe ni pé kí ọmọ òun má rin irú ìrìn yẹn mọ́. Ẹ wá ní kí n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ibi tí n ó ti rìn yípo, kí n sì padà sí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni mo lọ mú bọ̀?

Ọ̀rọ̀ òfin yẹn ńkọ́? Mo gbà pé wọ́n kọ ọ́. Ìwé òfin kì í bá èèyàn wọ igbó. Mo gbìyànjú irú ìrìn yìí lẹ́ẹ̀kan, ní 2003, ibi tí kì í ṣe Bavaria. Èmi nìkan ni. Ọkùnrin kan jáde láti ẹ̀yìn ọgbà, ó ní kí ni mò ń wá. Mo ní mò ń rìn ni. Ó tún bi mí. Kí n tó dé òpin abúlé náà, ọkọ̀ ọlọ́pàá ti dé, wọ́n yẹ ìwé mi wò, wọ́n sì ní kí n máa lọ. Wọn ò lù mí, wọn ò bú mi. Ṣùgbọ́n mi ò padà lọ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

---

Ẹsẹ̀Yá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Mi ò ní sọ pé irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀kan, obìnrin àgbàlagbà kan ló bi mí bóyá mo ṣìnà, mi ò sì mọ̀ títí dòní bóyá àánú ni tàbí ìfura. Ohun tí mo rí ni pé ìkíni ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀. Lójú ọ̀nà ẹsẹ̀, gbogbo ẹni tó bá pàdé ara wọn ló ń kí ara wọn, ohun tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ ṣe ní ojú pópó Nuremberg. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹnu, ẹ ní "Grüß Gott" kí ẹni náà tó wò yín tán. Àwa tí a ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìrìn, kò yẹ kí ìyẹn ṣòro fún wa. Màmá mi ò gbọ́ èdè Jámánì kankan. "Ẹ kú ìrìn o" ni wọ́n ń kí gbogbo ẹni tí a bá pàdé, wọ́n á tẹ orúnkún díẹ̀. Gbogbo wọn ló dáhùn, kò sí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kí ẹ má sì dá lọ. Ibi tí ẹnì kan bá ti ń rìn tó jọ ẹni tó ń wá nǹkan, èèyàn mẹ́rin tó ru àpò sẹ́yìn jọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Ní ti ohun tí mo lọ mú bọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ mi ń ka ìṣísẹ̀ mi, ó ń sọ fún mi pé apá òsì, apá ọ̀tún, yára. Ìṣísẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lóru kan, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tèmi nínú wọn. Lórí òkè yẹn, bí mo bá dúró, èmi ni mo dúró. Mo rò pé bàbá yín, tí ẹ bá sọ fún un pé ọmọ òun ní ọjọ́ Sátidé odindi kan tí kò sẹ́ni tó lè ní kó wá síbi kan, ó lè sọ pé ohun tí òun rìn máìlì mẹ́fà fún gan-an nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ti kọjá àyè mi, ẹ foríjì mí.

---

Onímọ̀ Òkúta (Erlangen, akẹ́kọ̀ọ́)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i nípa ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ yẹn, torí òun ni mò ń kà níwèé.

Àpáta funfun gíga tó yọ sókè nínú igbó yẹn, ìsàlẹ̀ òkun ni. Ní nǹkan bí àádọ́jọ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló bo gbogbo ibẹ̀, kànìnkànìn òkun sì ń hù lé ara wọn lórí títí ó fi di òkítì ńlá. Òkítì yẹn ló di òkúta. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ògiri Streitburg, ẹ wo ara òkúta náà dáadáa, ẹ lè rí ojú ìkarahun nínú rẹ̀.

Òkúta ẹfun ni, omi òjò sì máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìdí tí ihò fi pọ̀ nìyẹn. Binghöhle ní Streitberg, 1905 ni wọ́n rí i. Ignaz Bing, oníṣòwò ohun ìṣeré ọmọdé láti Nuremberg, ló rí i tó sì tún un ṣe fún àwọn àlejò. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, bíi 300 mítà, ẹ ó gba ibì kan wọlé, ẹ ó gba ibòmíràn jáde. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù, inú rẹ̀ kì í móoru nígbà ẹ̀rùn. Rosenmüllerhöhle tí Ẹsẹ̀Yá dárúkọ, orúkọ Johann Christian Rosenmüller ni wọ́n fi sọ ọ́. Òun ni ó wo agbárí kan láti inú ihò àpáta míràn nítòsí, ní Burggaillenreuth, tó sì rí i pé béárì tí kò sí láyé mọ́ ni. Ní 1794 ló fún un lórúkọ tí gbogbo ayé ń pè é di òní, Ursus spelaeus, béárì inú ihò.

Ẹni tó bá ní agbára sí i, kó lọ sí Oswaldhöhle ní apá ìlà oòrùn Muggendorf kó tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àyíká náà. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè gba inú òkè kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ mú, kí ẹ sì tẹ orí ba.

Ohun tó máa ń gbà mí lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni omi. Bí òjò ṣe rọ̀ sórí òkè, ilẹ̀ mu ún, ó wọ inú ihò lọ. Orí òkè gbẹ. Ó di ìsàlẹ̀ àfonífojì kí omi náà tó ya jáde, tútù nini. Láyé àtijọ́, àwọn abúlé orí òkè ń jìyà omi gan-an, wọ́n ní láti sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn ọ́n, kí wọ́n tún rù ú gun òkè.

---

Ọmọ Ọ̀ṣogbo (Bayreuth)

Onímọ̀ Òkúta, o ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ omi tó o sọ yìí ló mú mi wọlé.

Ẹ lọ sí àwọn abúlé yẹn nígbà Àjíǹde. Wọ́n máa ń fi ewé tútù àti ẹyin tí wọ́n kùn lọ́dà ṣe kànga àti orísun omi lọ́ṣọ̀ọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin, nígbà míràn ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Osterbrunnen ni wọ́n ń pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo dúró síwájú kànga náà bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ọ̀ṣogbo ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ kí ìlú kan máa dúpẹ́ lọ́wọ́ omi. Mi ò ní sọ pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Kò sí Arugbá níbẹ̀, kò sí Àtáọ́ja, kò sí ẹbọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ru omi gun òkè rí kì í fojú kéré omi, ibi yòówù kó ti wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa lọ, kí ẹ mọ̀ pé ilé kan wà ní Bayreuth, kò jìnnà sí àfonífojì náà, tó ń jẹ́ Iwalewahaus. Yorùbá ni orúkọ yẹn: Ìwà lẹwà. Ulli Beier ló dá a sílẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Bayreuth ní 1981, ọkùnrin Jámánì tó dé Nàìjíríà ní 1950 tó sì gbé ní Ọ̀ṣogbo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun àti Susanne Wenger ni wọ́n jọ dé. Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dúró sí Ọ̀ṣogbo títí ó fi kú ní 2009. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú ni wọ́n jọ dáàbò bo igbó Ọ̀ṣun nígbà tí àwọn kan fẹ́ gé e tà, UNESCO sì fi igbó náà sára ogún àgbáyé ní 2005. Mo máa ń rò ó bí mo bá ń rìn létí Wiesent: òyìnbó kan wá dúró ti igbó wa bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Kí ló dé tí èmi náà ò ní lè dúró ti igbó tiwọn?

Ọ̀rọ̀ mi ti gùn. Ẹ máa wo àmì ara igi, òrùka, àgbélébùú, ojúàmì aláwọ̀ pupa tàbí búlúù. Ẹgbẹ́ kan tó ti wà láti 1901, Fränkische-Schweiz-Verein, ló ń bójú tó wọn, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láìgbowó ló sì ń kùn ún. Mo ti forúkọ sílẹ̀. Ní oṣù kẹta mo bá wọn lọ, wọ́n fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà pupa.

---

ÌyáÌbejì

Búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà! Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni. Bí àwa bá lọ, mo máa sọ fún àwọn ọmọ pé ọmọ Ọ̀ṣogbo ló kùn ún.

---

Nọ́ọ̀sì Bamberg

Màmá ńkọ́, ṣé wọn ò ṣa ewé bọ̀? Mo bi léèrè nítorí gbogbo ìyá tó bá ti wá láti ilé ló ń ṣa ewé. Ewé kan wà nínú igbó ìgbà ìrúwé, Bärlauch, tó ń ta sánsán bí ááyù, ó sì dára nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé méjì jọ ọ́, Maiglöckchen àti Herbstzeitlose, májèlé sì ni àwọn méjèèjì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òórùn, torí bí ẹ bá ti já ọ̀kan tó dáa, ọwọ́ yín yóò máa ta sánsán náà títí.

---

Ẹsẹ̀Yá

Wọ́n fẹ́ ṣa á! Èmi ni mi ò gbà. Wọ́n bínú sí mi dé Muggendorf. N ó ka èyí fún wọn lálẹ́ òní.

---

ÌyáÌbejì

A ti lọ, a ti bọ̀. Ọjọ́ Àìkú la lọ, a wọ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ láti Ebermannstadt dé Streitberg. Èéfín rẹ̀ bo ojú fèrèsé, Táyé ní iná ń jó.

Kẹ́hìndé ò fẹ́ wọ Binghöhle rárá, ó di ẹ̀wù mi mú títí a fi dé àárín. Nígbà tí a jáde, ó ní ká tún un wọ̀. Neideck ló rẹ̀ wọ́n, òkè yẹn ga fún ẹsẹ̀ kékeré, bàbá wọn gbé ọ̀kan kọ́rùn. A jókòó lábẹ́ ilé ìṣọ́, mo sì sọ ìtàn oníbodè fún wọn bí Ẹsẹ̀Yá ṣe sọ ọ́. Kíá ni wọ́n dìde lọ ń wá òkúta tó pa á. Wọ́n rí mẹ́rin. Wọ́n fi gbogbo ẹ̀rí hàn mí.

Bàbá kan tó ń jẹun pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ lórí koríko gbọ́ ariwo wọn, ó béèrè ohun tí wọ́n ń wá. Táyé fi Jámánì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí Konrad dórí ẹ̀rọ ajùkò. Bàbá náà dìde, ó bá wọn wá òkúta karùn-ún.

Eégbọn kan ṣoṣo la rí, lẹ́yìn orúnkún bàbá wọn. A ti fà á yọ. Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́.

---

Ẹ̀gbọ́n Ruhr

Mo ka ọ̀rọ̀ àbúrò mi ará Nuremberg ní bí ẹ̀ẹ̀mẹta. O ò kọjá àyè rẹ. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Abẹ́òkúta, mo bi í pé bàbá wa máa ń rìn kiri lọ́jọ́ ìsinmi tàbí kì í rìn. Ó ní bó bá ti ìsìn dé, tó jẹun tán, ó máa ń mú ọ̀pá rẹ̀, ó máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí etí odò Ògùn, òun nìkan. Mi ò mọ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà.

Mo máa wà ní Nuremberg fún ìgbéyàwó kan ní ìparí oṣù keje. Bí ẹ bá ń lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, orúnkún mi kan kì í fẹ́ ìsọ̀kalẹ̀, àmọ́ ó ń gun òkè.

---

Ẹsẹ̀Yá

Ẹ̀gbọ́n, a ń lọ. A ó yí i padà: Neideck la ó kọ́kọ́ gùn ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, a ó sì gba etí odò tó tẹ́jú padà láti Streitberg sí Muggendorf, kó má bàa sí ìsọ̀kalẹ̀ fún yín nígbà tó bá ti rẹ̀ yín. Mo ní ọ̀pá méjì, n ó mú wọn dání. Kí ẹ wà ní ibùdókọ̀ ojú irin Nuremberg ní aago méje ààbọ̀, lábẹ́ pátákó àkókò ọkọ̀. Mo máa wọ fìlà aláwọ̀ ewé.

---

Awakọ̀ Forchheim

Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Sátidé yẹn. Iwájú ni kí ẹ jókòó.